Ìgbéyàwó kóòtù ni wọ́n ṣe, wọ́n jọ kọ́lé ni, ọkọ wá fẹ́ tà á. Kí ni ká ṣe?

Àǹtí Fúnkẹ́: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi obìnrin ni mo ń wá ìmọ̀ràn fún. Rẹ́jísìrì l'Óṣogbo níbí ni wọ́n ti ṣègbéyàwó ní 2014. Ọkọ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí kan, orúkọ tiẹ̀ nìkan ló wà lórí rìsíìtì. Àbúrò mi ló yáwó lọ́dọ̀ alájẹṣẹ́kù tí wọ́n fi ra búlọ́ọ̀kù àti páànù. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí ọkọ ti kó jáde. Ní báyìí, ajẹ́ntì ló ń kó wá wo ilé, ó sì ní kóòtù ìbílẹ̀ lòun máa ti kọ̀ ọ́. Ṣé ó lè ta ilé yìí? Níbo ni kí àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Ìbejì: Kóòtù ìbílẹ̀ náà kúkú yá, kò wọ́n. Kí wọ́n tú wọn ká, kí kálukú máa bá tiẹ̀ lọ.

Lọ́yà Níkẹ̀ẹ́: Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú sà, ibẹ̀ kọ́. Kóòtù ìbílẹ̀ ò láṣẹ lórí ìgbéyàwó rẹ́jísìrì. Ilé-Ẹjọ́ Gíga ni òfin ìkọ̀sílẹ̀ ti 1970 gbé e fún. Bí kóòtù ìbílẹ̀ bá tú u ká pẹ́nrẹ́n, òfo ni ìdájọ́ yẹn, tọkọtaya ṣì ni wọ́n lójú òfin. Ìdáná tí wọ́n ṣe mọ́ ọn ò yí i padà. Àwọn tó ṣe ìdáná tàbí yìgì nìkan ló ń lọ sí kóòtù ìbílẹ̀. Ti ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń rú èèyàn lójú: bí ìjọba bá fún ṣọ́ọ̀ṣì láṣẹ, tí tọkọtaya sì gba ìwé-ẹ̀rí ìjọba níbẹ̀, ìgbéyàwó kóòtù ni. Bó bá jẹ́ àdúrà nìkan ni pásítọ̀ gbà fún wọn, kì í ṣe kóòtù.

Ohun tí adájọ́ fẹ́ mọ̀ ni bóyá ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Bí ọkọ bá pa ìyàwó tì láìnídìí fún ọdún 1 gbáko kí wọ́n tó pẹjọ́, ó tó. Bí wọ́n bá ti ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 2, tí ẹnì kejì ò sì ta kò ó, ìyẹn náà tó. Tó bá ti pé ọdún 3, ì báà gbà, ì báà kọ̀. Ohun tí Àǹtí Fúnkẹ́ sọ yìí, ti àkọ́kọ́ ló jọ.

Ọ̀rọ̀ ilé wá ńkọ́? Orúkọ tó wà lórí rìsíìtì nìkan kọ́ ló ń parí ẹjọ́. Abala 72 òfin yẹn kan náà jẹ́ kí adájọ́ lè ṣètò dúkìá tọkọtaya bó bá ṣe tọ́, fún àǹfààní wọn àti tàwọn ọmọ. Àmọ́ “a jọ kọ́ ọ ni” lásán kì í dúró ní kóòtù. Ìwé alájẹṣẹ́kù gbọ́dọ̀ fi iye tó yá àti ọjọ́ tó yá a hàn, kí ìwé báńkì wá fi hàn pé owó yẹn ló kúrò ní àkáǹtì rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ oníbúlọ́ọ̀kù. Bí ọjọ́ méjèèjì bá sún mọ́ra, ẹ̀rí dé nìyẹn. Rìsíìtì tí wọ́n kọ “Ọ̀gá” sí dípò orúkọ rẹ̀ ò ní lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Fúnkẹ́: Orí WhatsApp ni ọkọ ti ń ní kó fowó ránṣẹ́. Ṣé ká tẹ̀ ẹ́ jáde?

Lọ́yà Níkẹ̀ẹ́: Ẹ tẹ̀ ẹ́, àmọ́ ẹ má pa ti inú fóònù rẹ́. Abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní kí ìwé ẹ̀rí kan bá ohun tó bá ti inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà jáde: irú ẹ̀rọ tó jẹ́, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde, pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa lákòókò yẹn, àti ìfọwọ́sí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀. Àìsí ìwé yìí ló ń jẹ́ kí lọ́yà ẹnì kejì dìde, kó sọ pé kí adájọ́ má gba ẹ̀rí náà. Ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Sọ́féyọ̀ Lékan: Kí wọ́n yẹ rìsíìtì ẹbí yẹn wò dáadáa o. Ṣé olórí ẹbí fọwọ́ sí i? Bí kò bá sí níbẹ̀, òfo ni títà ilẹ̀ ẹbí láti ìpìlẹ̀, orí ohun tí kì í ṣe tiwọn ni tọkọtaya ń jà lé. Bó bá jẹ́ olórí ẹbí ló dá tà á láìfi tàwọn àgbà ẹbí ṣe, ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti tọkọtaya títí ẹbí á fi lọ sí kóòtù láti fagi lé e. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n mú ìwé sọ́féè dání lọ sórí ilẹ̀, kí wọ́n fi nọ́ńbà ara pílà kọ̀ọ̀kan (òpó kékeré tí wọ́n rì sí igun ilẹ̀) wé ti inú ìwé. Nọ́ńbà tí ò bára mu, wàhálà ni.

Ní sẹkitéríàtì ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Abere, wọ́n lè sanwó láti yẹ ìwé ilẹ̀ wò, kí wọ́n mọ̀ bóyá ọkọ ti gba C of O (ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí gómìnà ń fún ni) tàbí ti fi ilé dúró yáwó ní báńkì. Bí C of O bá wà, òfin ilẹ̀ ti 1978 ní kí gómìnà fọwọ́ sí i kí títà tó múlẹ̀. Kí àbúrò yín kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ síbẹ̀; bó bá ti wà nínú fáìlì, á mú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀.

Ìyá Ṣadé: Kí wọ́n lọ kọ ọ́ sára ògiri lálẹ́ òní: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ! Kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́.

Lọ́yà Níkẹ̀ẹ́: Ìyá Ṣadé, ó dáa mà, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ tọjọ́tọjọ́, torí ọ̀dà funfun bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ló máa pa á rẹ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ẹni tó bá rí i, tó tún lọ ra ilé, ò lè sọ pé òun ò gbọ́. Àmọ́ kò dí títà lọ́wọ́. Àṣẹ kóòtù ló ń dí i: bí wọ́n bá ti ń pẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀, kí lọ́yà fi ẹ̀bẹ̀ mọ́ ọn pé kí adájọ́ dá títà dúró títí ẹjọ́ á fi parí. Ẹni tó bá rà á lẹ́yìn tí ẹjọ́ ti wà ní kóòtù, ó ra ẹjọ́ mọ́ ilé. Kí wọ́n fi ẹ̀dà àṣẹ náà ránṣẹ́ sí àwọn ajẹ́ntì. Ọ̀pọ̀ wọn á sá.

Kúnlé: Ẹ dákun, ẹ jẹ́ n yà díẹ̀. Ọ̀gá kan lé òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọdún 6 lórí fóònù láìfún un ní ìwé. Ṣé ó bófin mu?

Lọ́yà Níkẹ̀ẹ́: Rárá. Òfin iṣẹ́ ní kí ẹni tó ti lo ọdún 5 sókè gba ìwé oṣù 1 tàbí owó oṣù 1 dípò. Kóòtù ilé-iṣẹ́ lẹ ń gbé e lọ, èyí tó wà n'Ìbàdàn ò jìnnà. Ẹ bọ́ síta, ká gbọ́ tẹnu Àǹtí Fúnkẹ́ tán.

Àǹtí Fúnkẹ́: Ẹ ṣé mà. Ṣé kó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà, àbí kó kó jáde? Ọkọ tún ti mú ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó lọ.

Lọ́yà Níkẹ̀ẹ́: Kó má tì í mọ́ta, kó má sì kó jáde àyàfi tó bá ń lù ú. Bó bá kó jáde láìnídìí, ọkọ á sọ pé òun gan-an ni wọ́n pa tì. Tó bá jẹ́ lílù ni, òfin ò ní kà á sí ẹni tó pa ilé tì, kó gba ìwé dókítà.

Ti ìwé-ẹ̀rí, rẹ́jísìrì tí wọ́n ti ṣègbéyàwó á fún un ní ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí, bó bá mú orúkọ wọn méjèèjì àti ọjọ́ ìgbéyàwó lọ. Kó gba ìyẹn ná, torí ìwé ẹjọ́ ò ní wọlé láìsí i. Bí owó lọ́yà bá le, kó lọ bi Legal Aid Council (àjọ ìjọba tó ń gba ẹjọ́ aláìlówó rò) tàbí àwọn obìnrin agbẹjọ́rò FIDA. Kó sì mọ̀ pé àṣẹ àkọ́kọ́ tí adájọ́ máa fún un kò tíì tú wọn ká tán. Oṣù 3 ló fi ń dúró kó tó di àṣepé, kò sì gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹlòmíì kó tó pé.