Èsì: Ohùn tó pẹ́ dé lórí fóònù, "ìdádúró" ni àbí "ìpẹ́dé"?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo béèrè lọ́wọ́ yín orúkọ tí a lè fún nǹkan kan tó ń dà mí láàmú nínú kíláàsì orin tí mo ń ṣe lórí fóònù. Bí ọmọ méjì bá wà lórí ìpè kan náà, ọ̀kan ní Ìkéré, èkejì ní Ìlawẹ̀, tí mo ní kí wọ́n jọ kọrin, ohùn wọn kì í bọ́ sójú kan. Kí "dò" ọmọ Ìkéré tó dé etí ọmọ Ìlawẹ̀, ọmọ Ìkéré ti bọ́ sórí "mí". Èsì mẹ́ta ló wọlé. Bàbá wa láti Ìkọ̀lé ní ká pè é ní "ìdádúró ohùn". Àǹtí wa tó ń kọ́ni ní Ìjerò ní "gbohùngbohùn" ti wà nílẹ̀, kí la tún ń wá kiri? Àbúrò wa tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà l'Ádó ní ká fi "látẹ́ǹsì", bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é, sílẹ̀ bó ṣe wà, pé ẹni tó ń pe fáwẹ̀lì ní fáwẹ̀lì láti ọjọ́ yìí wá kò lẹ́nu láti bá látẹ́ǹsì jà. Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ni.

Mo mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ kíláàsì, mo sì ti rí ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi, torí òun ló jẹ́ kí n máa wá ọ̀rọ̀ yìí.

Ní 2020, nígbà tí kòrónà ti ilẹ̀kùn ilé-ìwé pa, orí WhatsApp ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ lórin. Lọ́jọ́ kan mo pe ọmọ mẹ́rin papọ̀, mo ń lé orin, wọ́n ń gbè é. Ọmọbìnrin kan ní Ìlawẹ̀ ń gbẹ̀yìn ṣáá. Mo ní, "O ń fà." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." A tún un kọ, ó tún gbẹ̀yìn. Mo ní, "O ṣì ń fà." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà, ẹ má bínú." Mo fún un ní 4 nínú 10. Nígbà tí ilé-ìwé ṣí, mo dá a dúró níwájú mi, mo ń fi ìka lu tábìlì, ó sì kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìyẹ̀ bínńtín. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ka ìlù nínú bàtà, mo ń wò ó. Mo ní kí ló wá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́sí? Ó ní, "Mà, ṣebí ẹ̀yin náà sọ pé ó ń fà. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni."

Ẹ rí i bí? Èmi sọ "o ń fà", ìwọ lò ń fà. Òun gbọ́ "ó ń fà", nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló ń fà. Ohùn òkè àti ohùn àárín lórí fáwẹ̀lì kan ṣoṣo, lórí ìpè tí kò dán mọ́rán, ló gba máàkì mẹ́fà lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo dá máàkì rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ojú ṣì ń tì mí.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè gba "fà" fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo ayé ń sọ. Ọ̀rọ̀ akọrin ni "fà" láti ilé wá. Kò sí ẹni tó kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì Èkìtì tí ọ̀gá akọrin kò pariwo mọ́ rí pé "Ẹ ń fa orin!" Ẹ̀bi akọrin nìyẹn. Ohun tí mo ń wá ni ọ̀rọ̀ tí kò ní dá ọmọ lẹ́bi fún ohun tí wáyà àti òpó ṣe.

Bàbá wa, mo kúnlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. "Ìdádúró" ti ní ọkọ tẹ́lẹ̀ nínú orin. Bí mo bá gbé ọwọ́ sókè tí mo ní "Ẹ dá a dúró", àwọn ọmọ mọ̀ pé kí wọ́n di ohùn náà mú títí n ó fi sọ ọwọ́ kalẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń pe ìyẹn ní pọ́ọ̀sì. Bí mo bá wá sọ lórí ìpè pé "ìdádúró wà o", ìdajì kíláàsì á máa fa ohùn gùn bíi ti arìnrìn-àjò tó ń pe ọlọ́kọ̀. Ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kì í ṣe àfiwé lásán. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tí wọ́n bá dá dúró, ẹnì kan ló dá a dúró. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá gbọ́ "ìdádúró", àyà rẹ̀ á já. Ta ló wá dá ohùn ọmọ yìí dúró? Kò sẹ́nì kankan. Ọ̀nà ló jìn.

Ti "gbohùngbohùn" dùn mọ́ mi fún ọjọ́ kan gbáko, torí ó bá ìlú wa mu. Ọmọ Ìkéré wo ni kò tíì kígbe sí Òkè Olósùnta rí? Mo tilẹ̀ fi kọ́ wọn ní ìṣirò. Ohùn máa ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí o bá dúró sí nǹkan bíi mítà 170 sí àpáta, tí o pe orúkọ ara rẹ, ìṣẹ́jú-àáyá kan ni orúkọ náà máa fi lọ tí yóò fi bọ̀. Wọ́n gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ọ̀dọ̀ ẹni tó kígbe ni gbohùngbohùn ń padà sí. Èyí tí mo ń sọ kì í padà, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló ń lọ, tó sì ń débẹ̀ nígbà tí wọ́n ti jẹun tán. A sì tún ń pe máíkì ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo ní kí ọmọ kan "pa gbohùngbohùn rẹ" kí ariwo ẹ̀rọ amúnáwá ilé wọn má baà wọlé, ló bá béèrè pé báwo ni èèyàn ṣe ń pa ìyẹn.

Ìṣirò yẹn náà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe fóònù ló bí nǹkan yìí. Àwọn tó ń kọrin papọ̀ lè fara da kí ohùn ẹnìkejì fi nǹkan bíi ìdá 30 nínú 1,000 ti ìṣẹ́jú-àáyá kan pẹ́. Nínú afẹ́fẹ́, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi mítà mẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tí àwọn akọrin tó wà lẹ́yìn pátápátá nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá fi máa ń bá dùùrù tó wà níwájú jà. Ìpè WhatsApp tàbí Zoom sábà máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ lásán, a ò ní fura, torí ẹnì kan á sọ, ẹnì kan á dákẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti orin ni àṣírí ń tú.

"Látẹ́ǹsì" ńkọ́? Àbúrò mi, mo gbé e fún wọn ní ọjọ́ Ajé. Kó tó di Ọjọ́rú wọ́n ti sọ ọ́ di "létíkọ́mà". Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ilé-ìwé ní Nàìjíríà mọ létíkọ́mà: ọmọ tó dé lẹ́yìn tí wọ́n ti ti géètì, tó kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì lórí. "Mà, ohùn Táyé ti di létíkọ́mà o!" Ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ló là mí lójú. Àwọn ọmọ ti rí i pé ohùn náà kò ṣẹ̀, kò fà, wọn kò dá a dúró. Ó kàn pẹ́ dé ni.

Mo dá a lábàá, nítorí náà, ká pè é ní "ìpẹ́dé". Ìpẹ́dé ohùn, ìpẹ́dé àwòrán, "ìpẹ́dé pọ̀ lónìí, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan." "Ìpẹ́lẹ́yìn" wà nílẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n èèyàn ni à ń sọ ọ́ sí, ó sì ní ìbáwí díẹ̀ nínú. Ìpẹ́dé kò bá ẹnikẹ́ni wí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bi mí pé ta ló fún mi láṣẹ, ẹ jẹ́ kí n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ló fún "ayélujára" láṣẹ? Gbólóhùn tí ìyá àgbà lè gbọ́ ni: ayé lu jára, bí ilé tí yàrá rẹ̀ ṣí síra wọn. Ó pẹ́ dé náà nìyẹn, a kàn fi ì- ṣáájú rẹ̀. (Ọmọ Èkìtì tó ń pe ilé ní ulé lè sọ ọ́ di ùpẹ́dé, kò bà jẹ́.)

Ẹnì kan bi mí lẹ́yìn àpérò pé, bí ìpẹ́dé bá burú tó báyìí, báwo la ṣe ń ṣe iṣẹ́? A kì í bá a jà, a máa ń yí i po. Mo máa ń fi fóìsì ránṣẹ́ sínú gúrúùpù: àtẹ́wọ́ kan, ìlù mẹ́rin, lẹ́yìn náà orin. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á fi íápíìsì sétí lórí fóònù kan, á fi fóònù èkejì, ti ìyá tàbí ti ẹ̀gbọ́n, gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀. Òun náà gbọ́dọ̀ pàtẹ́wọ́ lásìkò tí mo pàtẹ́wọ́. Tí gbogbo rẹ̀ bá dé, mo máa ń tò wọ́n sórí ara wọn nínú Audacity, ètò tí a fi ń tún ohùn tò lórí kọ̀ǹpútà. Àtẹ́wọ́ náà máa ń yọ gọngọ nínú ìgbì ohùn bí igi ọ̀pẹ láàárín oko ẹ̀gẹ́, n ó sì máa wọ́ ohùn kọ̀ọ̀kan títí gbogbo ọ̀pẹ á fi dúró lórí ìlà kan. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni Eric Whitacre, olórin ará Amẹ́ríkà, gbà ní 2010 tó fi kó akọrin 185 láti orílẹ̀-èdè 12 jọ sórí YouTube: kálukú kọ tirẹ̀ nílé, tó ń wo fídíò ọwọ́ olùdarí. Tèmi kò ju ọmọ 11 lọ, ọ̀kan nínú wọn sì máa ń pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì nígbà gbogbo, n kò mọ ohun tí n ó ṣe fún un.

  

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ gbé síwájú yín. Zoom máa ń ro ìlù sí ariwo. Ó ń wá ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀, gbogbo ohun tó bá ń dún yàtọ̀ sí i, yóò máa rẹ́ ẹ kúrò. Bí ọmọ Àyàn bá gbé ìlù, gbólóhùn àkọ́kọ́ á wọlé, ìyókù á máa já bí rédíò tí bátìrì rẹ̀ kú. Ibì kan wà láti pa àṣà yẹn ("Original Sound" ni Zoom pè é), tí a fi lè gba ohùn bó ṣe jáde lẹ́nu àti lọ́wọ́ gan-an. Ọ̀kan nínú yín ló sọ ọ́ ní "Ohùn Gangan", ó sì dáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ láti orí fóònù tí kò ní àmì ohùn, "e te ohun gangan" ni wọ́n rí. Gbogbo wọn kà á sí ohùn gángan. Wọ́n wá ń tẹ̀ ẹ́ kìkì nígbà tí ìlù bá fẹ́ dún, tí ìlù bá dákẹ́ wọn á pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe àtúnṣe rẹ̀ fún wọn. Ìgbà yẹn gan-an ló wúlò jù.

Bẹ́ẹ̀ ni àmì ṣe ń gbógun ti wa. Dò-re-mí tí à ń fi lẹ́tà kọ bá WhatsApp mu ju orin orí ìlà márùn-ún lọ, torí kò gba àwòrán. Ṣùgbọ́n àmì tó-tò méjì lórí ara wọn (:) tó bá ṣáájú d, kọ̀ǹpútà mi a máa sọ ọ́ di ojú tó ń rẹ́rìn-ín. Mo ti fi ẹ̀rín mẹ́ta ránṣẹ́ sínú orin ìsìnkú kan.

Láti ọjọ́ Ẹtì ni a ti ń lo ìpẹ́dé, ó sì ti ń wọ̀ wọ́n lẹ́nu. Ọmọkùnrin tó ń lu gángan ti rí orin inú rẹ̀ láìjẹ́ pé mo kọ́ ọ: d m m (dò mí mí). Bí ohùn bá ti ń wá lẹ́yìn, kò ní sọ̀rọ̀, ìlù ló máa fi pè é. Àná ló lù ú, ọmọ kékeré kan láti Ìgbárà-Odò pa fóònù rẹ̀ lójijì, ó sì sá lọ. Nígbà tó padà dé, ó ní ohun tí ìlù wí lòun gbọ́: "Ìyá dé." Kò sì tíì fọ abọ́.

Bàbá wa, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlù jù mí lọ, ṣé ẹ lè bá mi wá ọ̀rọ̀ kan tí a lè fi ṣáájú rẹ̀, kí ìlù má baà máa lé ọmọ kúrò ní kíláàsì?

Ọmọ yín, olùkọ́ orin, Ìkéré-Èkìtì