Ẹgbẹ́ àwọn afẹ̀yìntì ìtẹlẹ̀múyẹ́ òfurufú ológun ní Amẹ́ríkà: ta ni ká gbà, ẹ̀rí wo la ó bèèrè?

Akọ̀wé Tuntun:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. A fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ níbí ní Amẹ́ríkà fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtẹlẹ̀múyẹ́ òfurufú ológun: àwọn tó ń túmọ̀ àwòrán tí bàlúù yà láti òkè, àwọn tó ń sọ ohun tó wà lọ́nà fún awakọ̀ kó tó gbéra, tí wọ́n sì ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tó bá balẹ̀.

Ènìyàn 64 ló ti forúkọ sílẹ̀. Àwọn 49 ti wọ aṣọ ológun rí. Nínú 15 tó kù, 11 jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í ṣe ológun, 4 sì jẹ́ opó àwọn ológun. Ìpàdé ńlá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì la fẹ́ máa ṣe, ìwé ìròyìn lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, ìrànwọ́ nígbà ìsìnkú, àti kíkó ìwé àti àwòrán àtijọ́ jọ.

Wọ́n ní ká lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ IRS, iléeṣẹ́ owó orí Amẹ́ríkà, lábẹ́ 501(c)(19), ìlà òfin tó yọ ẹgbẹ́ àwọn ológun àtijọ́ kúrò nínú owó orí. Ṣé a kúnjú òṣùwọ̀n? Ẹ̀rí wo ló yẹ ká gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá ní òun ṣe iṣẹ́ yìí? Ẹnìkan sì ní páálí fíìmù nílé tó fẹ́ kó wá fún wa. Ṣé ká gbà á?

Akápò Àgbà:

Ẹ má tíì fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kankan o. Iye ènìyàn ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú, torí òun ló máa sọ irú ẹgbẹ́ tí ẹ lè jẹ́.

Òṣùwọ̀n méjì ni 501(c)(19) ní. Èkínní ni pé ó kéré tán, 75% ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà lọ́wọ́ tàbí tó ti ṣe é rí. Nínú 64, ẹni 48 nìyẹn. Ẹ ní 49, ẹ yege. Èkejì ló gbé yín ṣubú: nínú àwọn tó kù, 90% gbọ́dọ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ iléèwé ológun, tàbí ọkọ, aya, opó, òbí, ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ológun. Ẹni 15 ló kù fún yín, 90% rẹ̀ sì jẹ́ 13.5, ìyẹn ni pé ẹni kan péré ni òfin gbà láyè láti wà láìní ìbátan kankan pẹ̀lú ológun. Àwọn opó 4 ti wọlé. Ó ku àwọn 11.

Kí ẹ tó sọ pé kò ṣeé ṣe, ẹ bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ṣe ológun rí wọlé, bí òun fúnra rẹ̀ ò tiẹ̀ wọ bàtà ológun rí. Bí ẹni 10 nínú 11 bá ní irú ìbátan bẹ́ẹ̀, ẹ ti bọ́ sí i. Bí wọ́n bá jẹ́ 9, kò tó.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n á ka iye lọ́jọ́ tí wọ́n kọ̀wé, wọn ò tún ní kà á mọ́. Ká ní ológun 2 kú, tí ẹ sì gba òṣìṣẹ́ ìjọba 3 tuntun: ó di 47 nínú 65, ìyẹn 72.3%, ẹ ti jábọ́ láìmọ̀. Kí akọ̀wé máa ka ìwé orúkọ ní gbogbo oṣù kìíní, kí iye náà sì wà nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé.

Mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ lé àwọn 11 náà nítorí owó orí. Tábìlì oníná kan náà ni wọ́n jọ dorí kodò lé, fíìmù kan náà ni wọ́n jọ wò. Tí iye ò bá bá a mu, ẹ lọ sí 501(c)(7), ti ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ àti ìbáṣepọ̀. Fọ́ọ̀mù 1024 ni ti méjèèjì, orí Pay.gov, íkànnì ìsanwó ìjọba, ni wọ́n ti ń fi ránṣẹ́, $600 sì ni owó rẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá fún (c)(7) lọ́rẹ owó kò lè yọ ọ́ kúrò nínú owó orí rẹ̀, owó tó bá sì ti ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wọlé kò gbọdọ̀ kọjá 35% gbogbo owó tó wọlé. Àwọn kan á ní kí ẹ ṣe 501(c)(3), torí fọ́ọ̀mù 1023-EZ rẹ̀ kúrú, $275 péré sì ni, bí owó tí ẹ retí lọ́dún kò bá kọjá $50,000 tí dúkìá yín kò sì kọjá $250,000. Àmọ́ (c)(3) wà fún iṣẹ́ tó ń ṣe gbogbo ìlú láǹfààní. Ìpàdé ìgbádùn àti owó ìsìnkú ọmọ ẹgbẹ́ kò lè jẹ́ olórí iṣẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé kíkó ìtàn jọ fún aráyé ni ẹ máa fi ṣe iṣẹ́ gan-an, ó dára. Bí ẹ ṣe to iṣẹ́ yín sílẹ̀ yìí, (c)(7) ló bá yín mu jù, bí ẹ bá yọ owó ìsìnkú kúrò nínú rẹ̀, torí ẹgbẹ́ (c)(7) kò gbọdọ̀ máa san owó ikú fún ọmọ ẹgbẹ́.

Bí ẹ ṣe máa tò ó: ẹ kọ òfin ẹgbẹ́, ẹ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ gba EIN, nọ́ńbà tí IRS fi ń dá ẹgbẹ́ mọ̀, lórí íkànnì IRS. Ọ̀fẹ́ ni EIN, ẹ má sanwó fún alágbàtà kankan. Ẹ̀yìn náà ni báńkì. Ẹni méjì ni kó máa fọwọ́ sí ìwé owó.

Lọ́dọọdún, tí owó tó ń wọlé kò bá kọjá $50,000, 990-N, fọ́ọ̀mù kúkúrú tó ń jábọ̀ ẹgbẹ́ fún IRS, lẹ máa fi ránṣẹ́. Tí ọdún ìṣúnná yín bá ń parí ní December 31, May 15 ni gbèdéke. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta tẹ̀léra, IRS á gba ìwé àṣẹ yín láìkìlọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó ń fà á nínú ẹgbẹ́ àwọn àgbàlagbà ò le rárá: akápò nìkan ló lè wọ íkànnì náà, àìsàn dé, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọjọ́ ti kọjá. Ẹni méjì ni kó ní àyè láti wọlé, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀.

Olùtọ́jú Ìwé:

Akápò ti sọ ti owó tán. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ẹ̀rí.

Ìwé DD 214 ni ìwé tí ológun ń gbà nígbà tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ẹ ní kí wọ́n mú ẹ̀dà tí wọ́n kọ “Member 4” sí nísàlẹ̀ wá, torí “Member 1” kúrú, kò sí irú ìwà tí ẹni náà fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nínú rẹ̀. Nínú fọ́ọ̀mù ti òde òní (nọ́ńbà àpótí ti àtijọ́ lè yàtọ̀), àpótí méjì ni kí ẹ wò dáadáa: 11 ló sọ iṣẹ́ tó ṣe, 14 ló sọ ẹ̀kọ́ tó kọ́. Nínú 14 ni àwọn ayédèrú ti sábà máa ń ṣìnà. Lowry ní Denver ni wọ́n ti ń kọ́ ọ̀pọ̀ àwọn ará àtijọ́ níṣẹ́ ìtẹlẹ̀múyẹ́ òfurufú, ibùdó náà sì ti pa ní 1994. Goodfellow ní San Angelo, Texas, ni iṣẹ́ náà wà báyìí. Ẹni tó bá ní òun kẹ́kọ̀ọ́ ní Lowry ní 1998 ní àlàyé láti ṣe.

Ẹ má fi ẹ̀dà DD 214 ẹnikẹ́ni pamọ́ o! Nọ́ńbà Social Security wà ní àpótí 3. Kí ẹni náà fi dúdú bò ó kó tó fi hàn yín, kí ẹni méjì nínú ìgbìmọ̀ wò ó, kí wọ́n kọ “a ti rí i” àti ọjọ́ sínú ìwé orúkọ, kí wọ́n sì dá a padà. Ẹgbẹ́ tó bá ń kó o jọ sínú íméèlì akọ̀wé ń kó ẹrù fún olè ni.

Tó bá ti sọ tirẹ̀ nù, kó béèrè òmíràn pẹ̀lú fọ́ọ̀mù SF-180 tàbí lórí íkànnì National Archives, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú ìwé ìjọba. Opó tí kò tíì fẹ́ ọkọ mìíràn, òbí, ọmọ, àti ọmọ ìyá olóògbé náà lè béèrè fún un. Àwọn tó ti dàgbà gan-an lẹ máa ní sùúrù fún. Iná tó sọ ní ibi ìpamọ́ ìwé ológun wọn ní St. Louis ní July 12, 1973 jó nǹkan bíi 75% ìwé àwọn ọmọ ogun òfurufú tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàárín September 25, 1947 sí January 1, 1964, tí orúkọ wọn wà lẹ́yìn “Hubbard, James E.” nínú ètò ááfábẹ́ẹ̀tì. Bàbá tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú W, tó kúrò ní 1959, lè má rí DD 214 gbà mọ́ láéláé, kì í sì í ṣe pé ó ń parọ́. Iléeṣẹ́ náà á wá ìwé owó oṣù àti àwọn ìwé mìíràn jọ, wọ́n á sì fún un ní NA Form 13038, ìwé ẹ̀rí pé ó ṣe ológun rí. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ pé ẹ̀rí pípé ni fọ́ọ̀mù yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà dójú ti àgbàlagbà lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ò ní DD 214. SF-50 ni tiwọn, orúkọ ipò wọn sì wà nínú rẹ̀.

Tí ẹ bá ń fọ̀rọ̀ wá ẹni tuntun lẹ́nu wò, iléèwé, ibùdó àti ọdún ni kí ẹ béèrè. Ẹ má bi í pé “kí lo rí nínú àwòrán yẹn?” Ìbéèrè yẹn ń ti olóòótọ́ láti tú àṣírí ni, òpùrọ́ ló sì máa ń dáhùn rẹ̀ dáadáa jù.

Ojú Àwòrán:

Ti páálí fíìmù: ẹ má tíì gbà á. Ẹ má ní kó fi íméèlì ránṣẹ́, kó má sì ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp.

Kó ṣí i nílé ara rẹ̀, kó wo ara agolo àti orí fíìmù nìkan, níbi òfìfo tó ṣáájú àwòrán àkọ́kọ́. Wọ́n máa ń tẹ lẹ́tà síbẹ̀: déètì, nọ́ńbà ìrìn àjò bàlúù, àti ìpele àṣírí. Tó bá rí “SECRET”, “CONFIDENTIAL” tàbí “NOFORN” (kí àjèjì má rí i) tí wọn kò fa ìlà lé lórí, tí kò sì sí òǹtẹ̀ “DECLASSIFIED” pẹ̀lú orúkọ ẹni tó pàṣẹ àti déètì, kó dé e padà. Kó pe ọ́fíìsì ààbò ibùdó ológun tó wà nítòsí, kó sọ pé òun ní ohun tó ní àmì àṣírí lára, kó má ka ohun tó wà nínú rẹ̀ lórí fóònù. Àwọn ni yóò sọ bí wọ́n ṣe máa gbà á.

“Ó ti lé ní ọdún 25” kò tó ẹ̀rí. Lóòótọ́ ni àṣẹ ààrẹ 13526 ti 2009 ní kí ìwé tó ní ìtàn pàtàkì bọ́ kúrò nínú àṣírí lẹ́yìn ọdún 25, ṣùgbọ́n àwọn àyọsílẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Tí kò bá sí àmì àṣírí, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bíi fínígà, fíìmù acetate ti ń jẹra nìyẹn, ásíìdì tó ń tú jáde á sì mú kí èyí tó wà nítòsí rẹ̀ bàjẹ́ kíákíá. Ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ gbé e síbi tútù tí kò ní ọ̀rinrin púpọ̀, má sì fi ọ̀rá dì í pa. Èyí tó ti ká kò tàbí tó ń ṣẹ́, ẹ má tú u fúnra yín.

Akọ̀wé Tuntun:

Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹni 9 nínú 11 ni bàbá tàbí ọkọ wọn ṣe ológun, nítorí náà (c)(7) la máa lọ. Ìwé ìròyìn ńkọ́? Àwọn àgbà ti ń fi ìtàn ránṣẹ́.

Ojú Àwòrán:

Ìwé ìbúra SF 312, àdéhùn láti pa àṣírí ìjọba mọ́, tí wọ́n fọwọ́ sí kì í fẹ̀yìn tì. Ìtàn tó bá dárúkọ iṣẹ́ kan pàtó, ẹ̀rọ ayàwòrán tàbí ibi tí wọ́n yà, kí ẹni tó kọ ọ́ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí DOPSR, ọ́fíìsì àyẹ̀wò iléeṣẹ́ ààbò, kó tó dé ọwọ́ yín rárá. Ẹ fi ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 30 sílẹ̀. “Ó ti wà nínú ìwé ìròyìn” kò gba ẹnikẹ́ni là: 13526 sọ kedere pé títú tí ẹlòmíràn tú àṣírí kò sọ ọ́ di ohun gbangba.

Tí ẹ bá ń wá àwòrán tó ṣeé tẹ̀ láìbẹ̀rù, ẹ lo ti Corona, sátẹ́láìtì amí Amẹ́ríkà àtijọ́. Ọjọ́ February 22, 1995 ni Ààrẹ Clinton tú u sílẹ̀. Ó lé ní 860,000 àwòrán láti 1960 sí 1972, wọ́n sì wà lórí íkànnì USGS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń wọn ilẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ńlá, ẹ gbé e sórí tábìlì nípàdé pẹ̀lú gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi. Ẹ máa rí bí àwọn àgbà ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka bàlúù lórí pápá.

Àwọn ológun tó bá fẹ́ sọ ìtàn ara wọn lóhùn, Veterans History Project ti Library of Congress ń gbà á. Kó tó ìṣẹ́jú 30, kó má dín.

Akápò Àgbà:

Ẹ ti dárúkọ ìpàdé, nítorí náà ẹ ka ìwé àdéhùn òtẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Yàrá 30 fún òru 3 jẹ́ owó yàrá fún òru 90. Tí àdéhùn bá ní ẹ gbọ́dọ̀ kún 80%, 72 nìyẹn. Bó bá jẹ́ 60 lẹ lò, ẹgbẹ́ ló máa san 12 tó ṣẹ́ kù. Ẹ ka iye tó wá nípàdé tó kọjá, ẹ má ka iye tó sọ pé àwọn ń bọ̀. Ní ti ìpàdé àkọ́kọ́, yàrá 20 tó. Kí ẹ bẹ òtẹ́ẹ̀lì pé kí wọ́n fi kún un bí àyè bá ṣe wà, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí ẹ lè dín in kù láìsanwó sínú àdéhùn náà.