Ṣé idán orí kọ̀ǹpútà ti tú òǹkọ̀wé eré sílẹ̀?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ojúgbà mi nídìí eré kíkọ. Mo ń kọ eré sinimá kan nínú èyí tí odò kan dìde dúró bí ènìyàn, tí ó sì bá ọba sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mú un tọ olóòtú kan lọ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ó ní kí n jẹ́ kí ìránṣẹ́ kan sáré wọ ààfin wá ròyìn ohun tí ó rí létí odò, nítorí pé kò sí owó tí a lè fi mú omi dìde. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti rí ẹyẹ Àkàlà tí wọ́n fi idán kọ̀ǹpútà ṣe nínú sinimá Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2022, ó ń wù mí kí n dá ìran náà padà. Ṣé òǹkọ̀wé ti lè kọ gbogbo ohun tí ó bá sọ sí i lọ́kàn báyìí, àbí àpò olówó ni a ó ṣì máa wò kí a tó kọ ọ́?

Èsì kìíní
Ìran yín yìí ní ẹ̀gbọ́n. Ní 1989, olùdarí eré James Cameron fi omi kan sínú sinimá The Abyss, tí ó nà bí ejò, tí ó sì fara wé ojú òṣèré tí ó wà níwájú rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀ ni iṣẹ́ náà, ó sì gba àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é ní ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ kíyè sí bí ó ṣe kọ ọ́: ó tò ó lọ́nà tí wọ́n fi lè yọ ọ́ kúrò tí ìtàn kò sì ní ya, bí iṣẹ́ náà bá kùnà. Nígbà tí kò kùnà, Cameron padà sídìí èrò kan tí ó ti ní kí ó tó ṣe The Terminator ní 1984, ìyẹn ẹ̀rọ apànìyàn tí ara rẹ̀ ń yọ́ bí òjé, èyí tí kò sí irinṣẹ́ tí ó lè gbé e nígbà náà. Apànìyàn yẹn ni ọ̀tá inú Terminator 2 ní 1991, kò sì sí ẹni tí ó lè yọ ìyẹn kúrò nínú ìtàn. Láàárín ọdún méjì péré, ohun tí ó jẹ́ ọ̀ṣọ́ ti di òpómúléró.

Èsì kejì
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má tíì lé ìránṣẹ́ yẹn lọ. Nígbà tí Steven Spielberg ń ya Jaws, tí ó jáde ní 1975, omi iyọ̀ ń ba ẹ̀rọ ẹja àkurákudà jẹ́ ṣáá, ó sì di dandan kí àgbá tí ń léfòó, orin àti ojú ẹni tí ẹ̀rù ń bà dúró fún ẹja náà. Kódà nínú Jurassic Park ti 1993, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 péré ni a fi rí àwọn dáínásọ̀, ẹranko ńlá ayé àtijọ́, nínú eré tí ó ju wákàtí méjì lọ. Omi inú ife tí ó ń gbọ̀n ni ó kọ́kọ́ sọ fún wa pé ọ̀kan nínú wọn ń bọ̀. (Ní tiwa, ènìyàn tí ń pòórá nínú fọ́nrán fídíò ayé àtijọ́ ti sú mi: kámẹ́rà dúró, òṣèré bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kámẹ́rà tún ń lọ. Georges Méliès ti ń dá ọgbọ́n yẹn ní ilẹ̀ Faransé láti 1896.)

Èsì kẹta
Iṣẹ́ àtòpọ̀ àwòrán ni mò ń ṣe. Ẹ kọ ohun tí ojú rí, kí ẹ fi bí a ó ṣe ṣe é sílẹ̀ fún wa. Bí ẹ bá kọ pé “omi dìde lọ́nà ìyanu”, ẹ kò tíì kọ nǹkan kan. Ṣé omi náà mọ́ gaara ni, tàbí ó gbé ẹrẹ̀ àti ewé dìde? Ṣé agbádá ọba tutù nígbà tí ó fọwọ́ kàn án? Bí ó bá fọwọ́ kàn án, owó ti fò sókè nìyẹn, nítorí a ní láti lẹ ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ohun tí ó wà níbẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwòrán 24 tí ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òru sì sàn fún wa ju ọ̀sán gangan lọ, òkùnkùn ń bo àléébù.

Olùbéèrè
Mo dúpẹ́ gidigidi. Ìránṣẹ́ yóò ṣì sáré wá ròyìn, ọba yóò sì pè é ní òpùrọ́ níwájú àwọn ìjòyè. Ẹ̀yìn ìyẹn ni odò yóò wá fúnra rẹ̀ lóru, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tòun ti ẹrẹ̀ àti ewé rẹ̀, yóò sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ààfin. Ọba kò ní fọwọ́ kàn án.