Aṣòfin àgbà kọ́ ni àgbà aṣòfin: lórí ‘ìbò ilé’, ‘ìhà’ àti ‘ipò’

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ti ka gbogbo èsì tí ẹ fún àbúrò wa ní Oǹdó, ẹni tó ń kọ ìtàn àwọn aṣòfin ní Yorùbá. Ohun mẹ́ta ló béèrè: kí la ó pe ẹni tó ti pẹ́ nílé ìgbìmọ̀, kí la ó pe àkójọ bó ṣe ń dìbò lórí àbá òfin, kí sì la ó pe èrò tó ń sọ fáyé gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìlú. Ẹni tó kọ́kọ́ dá a lóhùn ní kó kọ “aṣòfin àgbà”, “àkọsílẹ̀ ìbò” àti “ipò”. Bàbá wa láti Ọ̀wọ̀ gba ti àkọ́kọ́ wọlé, wọ́n da ti ìkejì nù. Èmi ò lè gba ọ̀kankan nínú wọn bó ṣe wà yẹn.

“Aṣòfin àgbà” ti lọ́kọ. Rédíò Àkúrẹ́ àti àwọn oníwèé ìròyìn ti fi fún àwọn 109 tó wà nílé ìgbìmọ̀ tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ní ìjókòó mẹ́ta ní Àbújá. Ẹni tí wọ́n búra fún láàárọ̀ àná, tó ṣì ń béèrè ọ̀nà ilé ìtọ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé, aṣòfin àgbà ni. Ẹni tó bá lo sáà mẹ́rin gbáko nílé ìgbìmọ̀ ọlọ́mọ ẹgbẹ́ 26 tiwa níbí ní Àkúrẹ́ kì í ṣe aṣòfin àgbà. Tí àbúrò bá wá lo ọ̀rọ̀ náà fún ẹni tó pẹ́, sẹ́nétọ̀ ni òǹkàwé máa rò pé ó ń wí.

Ẹ jẹ́ kó yí i po, kó kọ “àgbà aṣòfin”. Èdè wa ti ṣe iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún wa. Bí “àgbà” bá kẹ́yìn, oyè ni: ọ̀gá àgbà, akọ̀wé àgbà. Bó bá ṣíwájú, ọjọ́ orí àti ìrírí ni: àgbà òǹkọ̀wé, àgbà òṣèlú. Ahmad Lawan wọ ilé aṣojú-ṣòfin ní 1999, ó bọ́ sí ilé aṣòfin àgbà ní 2007. David Mark lo ogún ọdún nílé aṣòfin àgbà, láti 1999 di 2019, mẹ́jọ nínú rẹ̀ lórí àga Ààrẹ Ilé. Àwọn méjèèjì ni àgbà aṣòfin tó tún ti ṣe aṣòfin àgbà. Pápá Adékúnlé Ajáṣin tiwa lè tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ ju àwọn yẹn lọ. Wọ́n wọ ilé aṣojú-ṣòfin ìjọba àpapọ̀ ní 1954, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí tí ológun fi gbàjọba ní 1966. Nígbà tí wọ́n di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1979, àgbà aṣòfin ni wọ́n lọ́nàkọnà. Wọn ò ṣe aṣòfin àgbà rí lọ́jọ́ ayé wọn.

Ẹnì kan dá “ògbólógbòó” lábàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iyẹn sílẹ̀ fún àwọn olè. “Ògbóǹtarìgì” dára, àmọ́ ọgbọ́n iṣẹ́ ló ń sọ, kì í ṣe iye ọdún. A mọ àwọn tó jókòó pẹ́ tí wọn ò gbé àbá kan dìde rí. “Àgbà ọ̀jẹ̀” tí àwọn oníròyìn fẹ́ràn, ìyìn ni, ó yẹ kí àbúrò tọ́jú rẹ̀ de ẹni tó bá tọ́ sí. Ní ti ọdún àti ipò tí aṣòfin ti dì mú, kó kàn kọ ọdún àti ipò. Kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun kankan níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìbò ló gùn. Ohun tí Bàbá wa láti Ọ̀wọ̀ sọ ni pé ìdí Ifá ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ẹni tó wá ṣàyẹ̀wò á fi owó ẹyọ sí ọwọ́ kan, á fi egungun sí èkejì, á pa ọwọ́ dé. Babaláwo ò mọ èyí tó wà níbo, Ifá ni yóò mú ọ̀kan. Wọ́n ní nǹkan ìkọ̀kọ̀ ni ìbò látilẹ̀wá, ìdí nìyẹn tó fi bá ti aráàlú mu, tí a ń lọ tẹ̀ka síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí wa. Ṣùgbọ́n aṣòfin, ìránṣẹ́ ni. Ẹni tó rán an níṣẹ́ gbọ́dọ̀ rí ohun tó mú. Nítorí náà wọ́n ní ká máa pè é ní “ìfohùnsí”, ká sì pe àkójọ rẹ̀ ní “àkọsílẹ̀ ohùn”.

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Mo gbádùn àlàyé yẹn gan-an, ohun tí ẹ sọ nípa iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni mo sì máa gbé lé lórí tó bá yá. Àmọ́ ìbò ti kúrò nínú ìkọ̀kọ̀ tipẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, gbangba la tò sẹ́yìn àwòrán olùdíje tí wọ́n sì kà wá lórí bí ìgbà tí wọ́n ń ka ọmọ ilé ìwé. Ìbò náà la pè é, kò sí ẹni tó ta kò ó. “Ìfohùnsí” ní tiẹ̀ ní àléébù tó burú: ẹni bá fohùn sí nǹkan ti gbà á ni. Níbo la ó wá kọ ẹni tó sọ pé rárá sí? Ìwé tí a bá pè ní àkọsílẹ̀ ìfohùnsí, àwọn tó gbà nìkan ló lè wà nínú rẹ̀. “Àkọsílẹ̀ ohùn” sì rèé, ọmọ ìwòyí tó bá rí i á máa wá ibi tí yóò tẹ̀ lórí fóònù kó lè gbọ́ ọ. Nínú òṣèlú tiwa, àkọsílẹ̀ ohùn olóṣèlú sì ní irú ẹjọ́ tó máa ń dá sílẹ̀.

“Àkọsílẹ̀ ìbò” lásán náà ò tíì tó. Tí mo bá kọ ọ́ pé “àkọsílẹ̀ ìbò sẹ́nétọ̀ yìí dára”, ará Àkúrẹ́ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá á rò pé mò ń sọ iye ènìyàn tó dìbò fún un, pé àjọ elétò ìdìbò ka ìbò rẹ̀ pọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi dábàá “ìbò ilé”. Ìbò ìlú ni èyí tí a fi yàn án. Ìbò ilé ni èyí tí òun náà ń dì nígbà tó bá débẹ̀. “Ilé” ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀: Ilé Ìgbìmọ̀, Olórí Ilé, “Ilé ti gbà á wọlé”. Àkọsílẹ̀ ìbò ilé, kò lè rú ẹnikẹ́ni lójú. (Ará Àkúrẹ́ tó bá fẹ́ máa pè é ní ìbò ulé kò ṣẹ̀ mí.)

Kí àbúrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbò ilé sínú tábìlì o, kó mọ̀ pé irú ìbò ilé méjì ló yẹ kó yà sọ́tọ̀, ọ̀kan nínú wọn kì í sì í ní àkọsílẹ̀ orúkọ. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni Olórí Ilé á ní kí ẹni tó bá gbà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹni tí kò gbà sọ pé rárá, òun á wá fi etí ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n, á kan òòlù mọ́lẹ̀. Ìbò ẹnu ni mo pe ìyẹn. Báyìí ni ilé aṣòfin àgbà ṣe pa àbá sáà kẹta, èyí tí ìbá fún ààrẹ orílẹ̀-èdè láyè láti lo sáà kẹta, ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 2006, lábẹ́ Ken Nnamani tó jẹ́ Ààrẹ Ilé nígbà náà. Ẹ ò lè rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé lágbájá dìbò báyìí. Ohun tí a mọ̀ ni ohun tí kálukú sọ nígbà tí wọ́n ń jiyàn, nítorí tẹlifíṣọ̀n ń gbé e.

Ìkejì ni kí wọ́n pe kálukú lórúkọ, kó sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìbò orúkọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 2021, nígbà tí ọ̀rọ̀ fífi èsì ìbò ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ wáyé nínú àbá òfin ìdìbò, Sẹ́nétọ̀ Enyinnaya Abaribe ló ní ìbò ẹnu kò tó, kí wọ́n pe orúkọ. Àwọn 52 fara mọ́ ọn pé kí àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àti ilé ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí àjọ elétò ìdìbò tó lè lo ẹ̀rọ. Àwọn 28 ní rárá. Àwọn 28 mìíràn kò sí níjòkòó. Ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn fún àwọn tó ń kọ ìtàn aṣòfin ní ohun tí ọ̀pọ̀ oṣù ìbò ẹnu kò lè fún wọn.

Àwọn 28 tí kò sí níbẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò. Mo rí i pé ẹnì kan kọ “ta kété” fún wọn. Rárá. Ẹni tó ta kété wà níbẹ̀, ó gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó ní òun ò dá sí i. Ẹni tí kò wá, kò wá ni. Ó lè jẹ́ àìsàn, ó lè jẹ́ pé ó sá. Àkọsílẹ̀ kò mọ èyí, àwa náà kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ wa sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká ní àpótí mẹ́rin nínú tábìlì náà: gbà, kọ̀, ta kété, kò sí níjòkòó.

Nílé wa níbí, oṣù Keje ọdún 2020 kọ́ wa pé orúkọ lórí ìwé lágbára. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ igbákejì gómìnà, Agbóọlá Àjàyí, mẹ́rìnlá nínú àwọn 26 fọwọ́ sí ìwé, mẹ́sàn-án kọ̀wé pé àwọn ò sí nínú rẹ̀. Òfin ń fẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta kí ìwádìí tó lè bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ènìyàn 18. Adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ kọ̀ láti yan ìgbìmọ̀ olùwádìí. Ká ní ẹnu nìkan ni wọ́n fi pariwo nínú ilé lọ́jọ́ náà, ta ni ìbá mọ iye wọn?

Mo dé orí “ipò”. Mo ti rí “ipò rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀” lójú ìwé. Gẹ̀ẹ́sì tó wọ agbádá nìyẹn. Ipò ni àga tí ènìyàn jókòó lé, tàbí bí nǹkan ṣe wà. Ohun tí àwọn ìyá wa ń béèrè ni “ìhà wo ló kọ sí i?” Ìhà náà ni. Ìhà tí aṣòfin kọ sí ọ̀rọ̀ lójú ayé, ìbò ilé tó dì nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀: méjì ni wọ́n, kí àbúrò má dà wọ́n pọ̀ sójú kan. Sáà kẹta fún wa ní ìhà láìsí ìbò tó ní orúkọ. Lórí àbá mìíràn ẹ lè rí ìbò tí kò bá ìhà mu, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ìránṣẹ́ tí Bàbá ń wí ti ń hàn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ẹ ò dárúkọ, ìtàn aṣòfin kankan kì í sì í fò ó: kíkúrò nínú ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Òfin ìpìlẹ̀, abala 68, ní ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kí sáà rẹ̀ tó pé máa pàdánù ìjókòó rẹ̀, àfi bí ẹgbẹ́ tó kúrò nínú rẹ̀ bá pín sí wẹ́wẹ́ tàbí tó dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Àkúrẹ́ ni ẹjọ́ tó tú èyí palẹ̀ ti jáde. Ìfẹ́dayọ̀ Abẹ́gúndé wọlé sí ilé aṣojú-ṣòfin ní 2011 fún Àríwá àti Gúúsù Àkúrẹ́ lábẹ́ ẹgbẹ́ Lébọ̀, ó bọ́ sí ẹgbẹ́ ACN, ó ní ẹgbẹ́ ti pín nípìnlẹ̀ Oǹdó. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní 2015 pé ìpínyà tó wà nípìnlẹ̀ nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ kan ẹgbẹ́ náà jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ẹ wá wò ó: àwọn kan lára wa ń fi “aáwọ̀” túmọ̀ ohun tí abala 68 wí. Aáwọ̀ wà nínú gbogbo ẹgbẹ́ láràárọ̀. Tó bá jẹ́ aáwọ̀ lófin wí ni, Abẹ́gúndé ì bá jàre. Ìpínyà ni kí àbúrò kọ.

Ẹni tó bá rò pé eré la ń ṣe, kó ka abala 97 òfin ìpìlẹ̀: ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ lè fi èdè tí wọ́n ń sọ ládùúgbò kún Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n bá ti pinnu bẹ́ẹ̀. Abala 55 sì dárúkọ Yorùbá fún Àbújá, bí ètò bá ti wà fún un. Láti 1991 ni NERDC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìwádìí ẹ̀kọ́, ti gbé ìwé ọ̀rọ̀ ìṣòfin jáde ní èdè mẹ́rin nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Kí àbúrò wá a rí kó tó parí iṣẹ́, kó sì fi ohun tó bá rí níbẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.

Títí dìgbà náà, níbi tó bá ti jẹ́ ìbò ẹnu, kó kọ “ìbò ẹnu, kò sí orúkọ” sínú àpótí yẹn. Kó má ṣe fi òfo sílẹ̀, òǹkàwé á rò pé ó gbàgbé ni.