Ẹ Sọ Ọjọ́ Tí Ilẹ̀ Pápá Já Yín Kulẹ̀

Ọmọ Lafiaji:
Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Ọjọ́ Àìkú ni, 9 oṣù Kẹfà 2024. Íńdíà àti Pakistan fẹ́ kojú ara wọn ní New York nínú Ife Àgbáyé kíríkẹ́ẹ̀tì T20 (oríṣi kúkúrú eré náà), aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán tiwa. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan jókòó síwájú ilé, a ń to ikọ̀ fantasy sórí fóònù: iye owó kan la fi ń yan eléré, ohun tí wọ́n bá ṣe lórí pápá ló sì ń fún wa ní máàkì. Mo fi Kohli, ògbóǹtarìgì onígi Íńdíà, ṣe balógun, torí máàkì balógun, ìlọ́po méjì ni. Bumrah tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Íńdíà ńkọ́? Mo yọ ọ́, kí owó tó kù lè tó mi mú ẹlòmíì tó mọ igi í lò. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àbúrò, ṣé o mọ ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbá a lé?" Mo ní ilẹ̀ kẹ̀? Kohli ni mò ń wò.

Ilẹ̀ ọ̀hún ni ǹ bá ti wò. Florida ni wọ́n ti tọ́jú u sínú àwo onírin ńláńlá, kí ọkọ̀ àjàgbé tó kó o lọ sí New York. Bọ́ọ̀lù kan á fò dé àyà, èyí tó tẹ̀ lé e á fà nílẹ̀ bí ejò. Ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú, ní pápá yẹn náà, run (àmì ayò kíríkẹ́ẹ̀tì) 77 péré ni wọ́n ti lé gbogbo Sri Lanka jáde. Ìkìlọ̀ wo ni mo tún ń dúró dè?

Kohli gba run 4, ó gba ilé lọ. Íńdíà kú sí 119. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní Pakistan ti jẹ ẹ́ tán. 113 ni wọ́n bá a dé. Bumrah lé ènìyàn mẹ́ta jáde, run 14 ló fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi, tí Bumrah jẹ́ balógun rẹ̀, ò sọ nǹkan kan. Ó kàn lọ mú Malta kan ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n lọ sanwó.

Ohun tó dùn mí ni pé mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Orí kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ́ sórí kọnkéré la ti ń gbá a nílé ìwé. Bọ́ọ̀lù ibẹ̀ kì í purọ́, bó ṣe fò lánàá ló ń fò lónìí. Erùpẹ̀ ni èké.

Ìyá Ìbejì, Ojuelegba:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bọ̀dá. Tèmi, ìrì ni. IPL, líìgì kíríkẹ́ẹ̀tì Íńdíà, ní Chennai. Ilẹ̀ Chepauk, pápá wọn níbẹ̀, a máa gbẹ, bọ́ọ̀lù a máa fà, àwọn spinner (àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù tó ń yí) ló ń jayé níbẹ̀. Mo kó mẹ́ta láti ikọ̀ kan náà. Ẹ mọ̀ pé aago mẹ́ta ọ̀sán wa ni eré alẹ́ wọn ń bẹ̀rẹ̀, aago méjì ààbọ̀ ni wọ́n ń ju owó ẹyọ láti mọ ikọ̀ tó máa kọ́kọ́ gbá. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn ni mo fi ń tún ikọ̀ mi tò. Lọ́jọ́ yẹn, orí Third Mainland ni dáńfó wa há sí, nẹ́tíwọ̀kì lọ. Kó tó padà dé, wọ́n ti tilẹ̀kùn. Àwọn spinner mi ni wọ́n ní kí ikọ̀ wọn kọ́kọ́ gbá, ìyẹn ni pé òru ni wọ́n máa ju tiwọn. Ìrì sẹ̀. Bọ́ọ̀lù ń yọ̀ bí ọṣẹ dúdú, wọ́n ń fi táwẹ̀lì nù ún ṣáá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ènìyàn kan ṣoṣo ni wọ́n lé jáde. Dẹ́rẹ́bà bi mí pé ta ló kú.

Ará Akoka:
Bàbá kan tó ń yí rólà ní pápá wa máa ń ki kọ́kọ́rọ́ bọlẹ̀ láàárọ̀. Tó bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, omi ṣì wà ńbẹ̀, àwọn tó ń sáré ju bọ́ọ̀lù ló ni àárọ̀ yẹn. Tó bá kọ̀, tí ilẹ̀ sì ti ń sán, spinner. Ẹ̀gbọ́n Lafiaji, ẹ̀gbọ́n yín yẹn, ṣé ó ń gba ọmọ iṣẹ́?

Ọmọ Lafiaji:
Ó ní kó o mú Malta dání.