X-ray kò fi nǹkan hàn, ọrùn ọwọ́ ṣì ń dùn: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí èèyàn bá ṣubú, tó fi àtẹ́lẹwọ́ tilẹ̀, tí kòtò kékeré ìdí àtàǹpàkò sì ń dùn ún bí a bá tẹ̀ ẹ́, egungun scaphoid, ìyẹn egungun kékeré kan ní ọrùn ọwọ́ lápá àtàǹpàkò, lè ti sán kí X-ray ọjọ́ àkọ́kọ́ má fi hàn. A máa ń de àtàǹpàkò mọ́ ọrùn ọwọ́, a ó tún ya fọ́tò lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14. Ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé apá kan egungun yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wọ́ ọwọ́ náà, tó ń fà á, egungun náà lè má so mọ́ láéláé. Àwọn ọlọ́jà Balógun kì í sábà padà wá ya fọ́tò kejì bí ìrora bá ti rọlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú egungun ní Yábà àti Múṣin, kí lẹ ń sọ fún wọn?