Níbo ni ẹ wà nígbà tí àwọn àwo ráàpù ọdún 1993 jáde?

Bàbá Flatbush
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi ọkùnrin bá mi jiyàn lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kò sí ọdún tó tó 1994 nínú ìtàn hip-hop, nítorí pé ọdún náà ni Nas gbé Illmatic jáde. Mo ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ṣojú wọn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 1993, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, Wu-Tang Clan gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde, A Tribe Called Quest sì gbé Midnight Marauders jáde. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé géérégé, Snoop Doggy Dogg náà gbé Doggystyle jáde.

Brooklyn ni mo wà nígbà náà, mò ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ kan títí ilẹ̀ fi máa ń mọ́. Ní òru Ọjọ́bọ̀, a máa ń yí rédíò sí 89.9, ìyẹn rédíò Yunifásítì Columbia, níbi tí Stretch Armstrong àti Bobbito ti máa ń lu orin tí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ńlá kò tíì fọwọ́ kàn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ Protect Ya Neck, orin Wu-Tang, níbẹ̀, mo fi abọ́ sílẹ̀ nítorí mo rò pé àwọn kan ń jà nínú ilé-iṣẹ́ náà ni: ènìyàn mẹ́jọ ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ara wọn, kò sì sí ègbè kankan láàárín. Ẹ̀yin náà ńkọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àtijọ́
Midnight Marauders ni tèmi, n kò sì ní àlàyé kankan láti ṣe.

Ìyá Ìbejì, Peckham
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ka orúkọ sílẹ̀ tó báyìí, ẹ kò sì dárúkọ obìnrin kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn àwo Wu-Tang àti ti Tribe ni Queen Latifah gbé Black Reign jáde, tó fi rántí arákùnrin rẹ̀ tí ó kú sórí alùpùpù ní 1992. Inú àwo náà ni U.N.I.T.Y. wà, èyí tó gba Grammy fún un ní 1995.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí orin yẹn fi wọ̀ mí lára. Ilé-iṣẹ́ tí a ti ń di ẹrù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní London, ọkùnrin kan sì wà níbẹ̀ tí ó máa ń fọwọ́ kan àwa ọmọbìnrin bó bá ti ń kọjá, tí yóò sì máa rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ó ta wá lọ́rẹ. Ní ẹsẹ àkọ́kọ́ orin náà, irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan Latifah lójú pópó, Latifah sì fún un ní ẹ̀ṣẹ́ lójú. Láti orí rédíò Choice FM ti Brixton ni mo ti gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì, ohùn atọ́kùn sì wà lórí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo ń fi Walkman gbọ́ ọ lọ síbi iṣẹ́, mo ń fi gbọ́ ọ bọ̀. N kò lu ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ó tún na ọwọ́ sí mi, mo pariwo débi pé gbogbo ilé náà dákẹ́, kò sì tún dán an wò mọ́.

Àbíkẹ́
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ìbá wù mí kí ẹ fún un ní ẹ̀ṣẹ́ náà.

Ọmọ Súrùlérè
Mo kí Ìyá Ìbejì. Ní tèmi, kí ọdún 1993 tó parí ni mo ti gbọ́ Wu-Tang ní Èkó.

Oníyèméjì
Ẹ má bínú, n kò gbà bẹ́ẹ̀. Èmi náà wà ní Èkó. Ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá, ìyẹn ọjọ́ kan kí àwo méjèèjì yẹn tó jáde ní Amẹ́ríkà, ni ìjọba Ṣónẹ́kàn gbé owó epo bẹntiróòlù láti kọ́bọ̀ 70 lọ sí náírà 5. Ní ọjọ́ 10, ilé ẹjọ́ gíga ìlú Èkó ní ìjọba náà kò bófin mu. Ní ọjọ́ 17, Abacha gbàjọba. Jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo tó wà ládùúgbò wa, tìtorí ìròyìn ni wọ́n ṣe ń tan án. Ta ló ráyè Wu-Tang?

Ọmọ Súrùlérè
Ẹ̀gbọ́n, àwa ọmọdé ráyè. Ìbátan mi kan tó ń bá ọkọ̀ òfurufú ṣiṣẹ́ ló mú kásẹ́ẹ̀tì náà bọ̀ láti New York fún Kérésìmesì. Nítorí owó epo tí ẹ sọ yìí gan-an, ẹsẹ̀ ni a fi rìn láti Ìtirẹ́ dé Yábàá, sí ilé ọ̀rẹ́ wa tí ẹ̀rọ bàbá rẹ̀ lè da kásẹ́ẹ̀tì kan kọ sórí òmíràn. Ẹ̀dà tí a dà kọ láti ara ẹ̀dà mìíràn ni ó kàn mí, ariwo ṣíṣíṣí inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlù tí RZA, olórí Wu-Tang, ṣe kò dán tẹ́lẹ̀, nítorí náà a kò mọ èyí tó jẹ́ àbùkù ẹ̀rọ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ọgbọ́n.

Oníyèméjì
Ó dára. Mo gbà fún yín nítorí ìrìn Ìtirẹ́ yẹn.

Ẹlẹ́gbẹ́ Fújì
Ohun tí kò yé mi nínú gbogbo rẹ̀ ni bí a ṣe ń yin ẹni tó gé orin olórin fi ṣe orin tirẹ̀, tó tún gé ọ̀rọ̀ inú sinimá kung-fu mọ́ ọn. Ní ilé wa, olè ni à ń pe èyí.

Bàbá Flatbush
Àwọn onífújì yín ti ń gba orin lẹ́nu ara wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ta ló pè wọ́n ní olè? Ilé ẹjọ́ ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí 1993 tó dé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, adájọ́ kan ní New York dá olórin ráàpù Biz Markie lẹ́bi pé ó lo orin Gilbert O'Sullivan láìgba àṣẹ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sanwó kí wọ́n tó gé. Biz fúnra rẹ̀ pe àwo rẹ̀ ti 1993 ní All Samples Cleared!, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ó ti gba àṣẹ.

Ẹlẹ́gbẹ́ Fújì
Ẹni tó bá yá nǹkan lò, ó yẹ kó dá a padà. Ìyẹn ni mo sọ.

Ará Houston
Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rín sí i. Alàgbà ìjọ ni bàbá mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí mo mú Doggystyle lórí pẹpẹ ní ilé ìtajà, tí mo sì fi lé wọn lọ́wọ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò, wọ́n rí àwòrán ajá tí wọ́n yà bíi ti eré ọmọdé, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì sanwó. Àmì dúdú-àti-funfun tí ó ń kìlọ̀ fún òbí wà níbẹ̀ gbangba, ṣùgbọ́n bàbá mi gbà pé orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni.

Àbíkẹ́
Alàgbà fúnra wọn ló sanwó!

Ọmọ Súrùlérè
Àwo yẹn tà ju 800,000 lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì bọ́ sí ipò kìíní lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A ti mọ ọ̀kan nínú àwọn tó rà á báyìí.

Oníyèméjì
Ṣé wọn kò gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ lọ sílé ni?

Ará Houston
Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí iṣẹ́ àṣetiléwá. Inú wọn dùn sí mi gan-an lọ́jọ́ náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àtijọ́
Ẹ sọ fún ọmọ Bàbá Flatbush pé Olu Dara tó fun kọ̀nẹ́ẹ̀tì nínú Illmatic ni bàbá Nas.

Àbíkẹ́
Ṣé ọmọ Yorùbá ni bàbá Nas ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àtijọ́
Rárá. Natchez ní Mississippi ni wọ́n ti bí i, Charles Jones ni wọ́n sì sọ ọ́. Òun ló fúnra rẹ̀ gba orúkọ wa.

Bàbá Flatbush
Ẹ padà sọ́dọ̀ Wu-Tang, nítorí ohun tó mú mi bọ̀wọ̀ fún RZA jù kì í ṣe ìlù rẹ̀, ìwé àdéhùn rẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n bá Loud Records ṣàdéhùn, ó rí i dájú pé ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà lómìnira láti lọ bá ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe àwo tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Method Man ṣe lọ sí Def Jam, tí Ol' Dirty Bastard lọ sí Elektra, tí GZA sì lọ sí Geffen. Mo mọ àwọn olórin tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé láìkà á, tí wọn kò sì lè fi orúkọ ara wọn kọrin fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìyá Ìbejì, Peckham
Ẹ ti tún padà sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin. Salt-N-Pepa gbé Very Necessary jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, Shoop àti Whatta Man sì wà nínú rẹ̀. Kò sí ayẹyẹ ìgbéyàwó kan tí mo lọ ní Peckham ní ọdún tó tẹ̀ lé e tí wọn kò ti lu ọ̀kan nínú méjèèjì, ìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lu jùjú tán fún àwọn àgbà. Ta ló ń fi Protect Ya Neck ṣe ìgbéyàwó?

Ará Houston
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi MC Lyte kún un. Ruffneck tirẹ̀ náà jáde lọ́dún yẹn, ó sì gba àmì góòlù.

Ìyá Ìbejì, Peckham
Ẹ ṣeun, ọmọ alàgbà. Ó kù kí àwọn àgbà ibí yìí náà dá mi lóhùn.